Irà Tí Wọ́n Tún Ṣe

Mo dé etí irà náà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo sì bá a ní mímọ́ tónítóní bí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti gé gbogbo koríko etí omi, wọ́n ti hú gbòdògì tegbòtegbò, wọ́n dáná sun ún. Wọ́n wá gbẹ́ kòtò tó tọ́ bí ọ̀pá gba àárín irà kọjá, omi sì ń ṣàn lọ. Làmídì, fóòmàánù àwọn lébìrà, dúró létí kòtò, ó ń retí kí n yin òun.

"Yèyé, ẹ kú uṣẹ́ o. Ṣé ẹ rí i? Ejò tó bá fẹ́ sá pamọ́ síbí báyìí, àfi kó lọ yá agbòòrùn."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ ṣe báyìí, Làmídì?"

"Ẹnjiníà ni. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ ká tún irà yìí ṣe. A ti tún un ṣe."

Mo jókòó sórí òkìtì erùpẹ̀. N kò lè bínú sí i. Ní èdè wa, ẹni tó tún ilé ṣe ló gbá a mọ́, ẹni tó tún orí ṣe ló lọ dirun. Ta ló ti rí ẹni tó tún irà ṣe tí ẹrọ̀fọ̀ ṣì wà níbẹ̀?

Iṣẹ́ ilẹ̀ àti omi ni mo ṣe lábẹ́ ìjọba ní Adó-Èkìtì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀kọ́ nípa ewéko ni mo kà ní yunifásítì, nígbà tí àwọn ọkùnrin kíláàsì mi rò pé ọkọ ni mo wá wá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ pápá ọkọ̀ òfuurufú, irà kan wà lójú ọ̀nà wọn. Àdéhùn ni pé bí wọ́n bá bo ọ̀kan, kí wọ́n jí òmíràn dìde. Èyí tí a yàn wà lẹ́bàá Ìgèdè. Àwọn àgbẹ̀ ti fa omi rẹ̀ gbẹ láti fi dáko, wọ́n sì ti pa á tì. Mo ti dí àwọn kòtò àtijọ́, ewé ti ń hù, kí wọ́n tó wá tún un ṣe fún mi.

Irà dà bí kànìnkànìn. Ó ń mu òjò, ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ti ṣàlàyé èyí fún Ẹnjiníà nínú ìpàdé. Ọ̀dọ́kùnrin ni, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ le gbagidi. Ó wo àwọn èèyàn yí ká, ó ní, "Mọ́mì, ta ló ń gbin ẹrọ̀fọ̀?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, títí kan ọ̀gá mi. Mo rántí olúkúlùkù ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọ̀ràn bàjẹ́, Ẹnjiníà sọ fún ọ̀gá pé èmi ni n kò ṣàlàyé dáadáa. Ọ̀gá gbà á gbọ́. Wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi mí sídìí fáìlì. Ṣùgbọ́n òjò ọdún náà ti ń lọ sópin. Bí kòtò yẹn bá wà ní ṣíṣí wọnú ẹ̀ẹ̀rùn, irà Ìgèdè kú nìyẹn, a ó sì ti pa méjì dípò ẹyọ kan.

Mo tọ Làmídì lọ sílé ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tó kírun dé.

"Wọ́n ní kí n má gba àṣẹ lẹ́nu yín mọ́, Yèyé."

"Kì í ṣe àṣẹ. Ẹ̀bẹ̀ ni."

Ó họ orí. "Kí ni mo máa sọ fún àwọn lébìrà? Bí mo bá tún sọ pé ká tún un ṣe, wọ́n á da sìmẹ́ńtì sí i."

"Sọ fún wọn pé kí wọ́n bà á jẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé fìlà rẹ̀ bọ́. "Ìyẹn á yé wọn."

Wọ́n bà á jẹ́ dáadáa. Wọ́n fi àpò yanrìn dí kòtò náà pa, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ṣùgbọ́n gbòdògì tí a máa gbìn kò sí nítòsí, àfi nínú irà tí wọ́n fẹ́ bò. Nígbà tí a débẹ̀, katapílà ti wà létí rẹ̀. Irà yẹn ni ìyá mi ti máa ń mú mi lọ já ewé tó fi ń di obì. Bí mo ṣe ń hú u, òórùn ewé rírà àti omi tútù gba imú mi, òórùn ìró ìyá mi gan-an ni. Mo hú ìwọ̀nba tí ọkọ̀ wa lè gbé. Èyí tó kù, wọ́n da ilẹ̀ pupa bò ó, wọ́n tẹ́ ọ̀dà lé e lórí.

Irà Ìgèdè yè. Lọ́jọ́ tí àwọn àlejò wá wò ó, Ẹnjiníà dúró níwájú wọn, ó ní, "Irà tí mo jí dìde rèé." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọn kò dárúkọ mi, wọn kò dárúkọ Làmídì. Mo ń kọ ọ́ síbí kó lè wà níbì kan: àwa la bà á jẹ́.

Mo ṣì máa ń lọ síbẹ̀. Omi rẹ̀ dúró, gbòdògì ga jù mí lọ. Inú mi á dùn, màá sì sunkún padà sílé, nítorí kì í ṣe òun ni mo ń wá.

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Àbújá pè mí lóṣù tó kọjá.

"Màmi, ẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú wá. Kò ní pẹ́ rárá."

"Mọ́tò ni màá wọ̀."

"Pẹ̀lú orúnkún yín yìí? Àbí ẹ̀rù òfuurufú ló ń bà yín?"

"Òfuurufú kò ṣe mí ní nǹkan kan," mo ní. "Ilẹ̀ tí ọkọ̀ náà ti ń gbéra ni n kò fẹ́ tẹ̀."