Àwọn Èèrà Ẹ̀yìnkùlé Wa ní Kinkinau

Ìró ìdérí búta ló kọ́kọ́ máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ọdún tí a dé àdúgbò Kinkinau ní Kàdúná, nígbà tí ogun òyìnbó kò tíì bẹ̀rẹ̀. Búta onírin ni, èyí tí ọkọ mi fi ń ṣe àlùwàlá. Ìdérí rẹ̀ kò bá ẹnu rẹ̀ mu, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá gbé e, á máa dún kẹ́ń, kẹ́ń, títí onítọ̀hún á fi dé ẹ̀yìnkùlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, n kì í gbọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ lóòjọ́, nítorí ìrun márùn-ún ni. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa wọlé, n kò lè kà á mọ́.

Ọkọ mi kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ọmọ Ìlọrin ni, akọ̀wé rélùwéè, ó sì mọ Kùránì débi pé nígbà tí orúnkún lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí kékeré àdúgbò wa kò gbé e mọ́, òun ni wọ́n ní kó máa ṣíwájú ìrun. Èmi, Èkó ni wọ́n ti bí mi. Mo ti lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì, mo lè ya àwòrán kíndìnrín kí n sì kọ orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí i. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Àkọ́bí wa obìnrin kò tíì lè dá jókòó nígbà náà.

Omi ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Ní ìrọ̀lẹ́, Háúsá tó ń ta omi á da omi kún àmù wa dé ẹnu. Bí ilẹ̀ bá mọ́, omi ti fà dé ìdajì, bẹ́ẹ̀ ìdí àmù gbẹ, kò jò. Mo bi ọkọ mi, ó ní òun kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ni èèrà dé. Ọyẹ́ ti gbẹ ilẹ̀, èèrà ti di ohun tí a kì í rí nínú gbogbo agbo ilé, àfi lẹ́bàá ògiri ibi tí ọkọ mi ń tọ̀ sí. Láràárọ̀ ni wọ́n ń tò jáde, tẹ́ẹ́rẹ́, dúdú bí òwú ìránṣọ, tí wọ́n á pagbo sí ojú ibi tó tutù náà, wọn ò sì ní kúrò. Mo fi ṣòkòtò rẹ̀ kan tí n kò tíì fọ̀ kọ́ orí okùn lọ́jọ́ kan. Kí n tó fún ọmọ lọ́mú tán, wọ́n ti gba orí okùn dé ibẹ̀, iwájú ṣòkòtò náà ń rìn.

Ó sì ń rù. Ó ń jẹun bí ẹni tó ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹlòmíràn náà kò sì jẹ́ kó kù sí i lára.

Ìyá onílé wa, opó ará Ìlọrin tó ti pẹ́ ní Kàdúná débi pé Háúsá ló fi ń bá ewúrẹ́ rẹ̀ wí, pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ìyàwó, ṣé ihò wà níbi tí ọkọ rẹ ń tọ̀ sí?"

Mo ní ihò kékeré kan wà níbẹ̀.

"Haba. Odidi alfa, kò mọ̀ pé a kì í tọ̀ sínú ihò? Ilé àwọn tí a kò rí ni. Ó tọ̀ sí wọn lórí, wọ́n sì di ìtọ̀ rẹ̀ mú, wọ́n ń fà á. Èyí tí o ń rí nílẹ̀ yẹn, èèrà kọ́."

"Kí wá ni, mà?"

"Má bi mí. Máa da eérú sí i láàárọ̀ kí ará mọ́ṣáláṣí má baà rí i. Ta ló fẹ́ kírun lẹ́yìn ẹni tí àlùjànnú ń bá rìn?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, eérú ni mo gbé lọ síbẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, kò bá mi jiyàn, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù. Ó ní òun náà ti fura, pé òun ni òun ń dìde mu omi àmù lóru. Àlùwàlá òun kì í pẹ́ mọ́, ó ti di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ náà tí òun fi àwọn èèyàn sílẹ̀ lórí ìdúró láti lọ tọ̀. Ààwẹ̀ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, òun ni wọ́n fẹ́ kó ṣíwájú àṣàmù, ìrun gígùn alaalẹ́ inú oṣù ààwẹ̀. "Ìyá ọmọ," ó ní, "bí mo bá jáde láàárín àṣàmù, wọn ò tún ní pè mí mọ́." Àwa méjèèjì ronú pọ̀, ohun tí a rí ni pé ẹni tí kò bá mu omi kò ní tọ̀. Mo gbé àmù wọ yàrá ìyá onílé, ó fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ife omi kan péré ni mo ń fún un bó bá ṣínu, mo sì ń fi kúnú olóyin kún un, torí pé ó ń rù, mo fẹ́ kó lókun. Ọkọ mi bẹ̀ mí fún omi. Mo ní rárá.

Ní ọjọ́ kẹfà ààwẹ̀, lọ́sàn-án gangan, mo gbọ́ kẹ́ń lẹ́yìnkùlé. Mo rò pé àlùwàlá ló fẹ́ ṣe. Mo bá a tó lóṣòó, ó gbé ẹnu búta sẹ́nu, búta tí ẹnikẹ́ni kì í fi mumi, ó ń mu ún láìmí, èèrà sì ti ń gun ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo pè é. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo àlejò, ó ní, "Ta ni yín?" Lẹ́yìn náà ló ṣubú.

Ọmọlanke ni a fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Apoògùn ibẹ̀, ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan, ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, ó wo ahọ́n rẹ̀, ó wá kọjú sí mi. "Ìyàwó, báwo ló ṣe ń tọ̀?"

"Bíi ti gbogbo èèyàn ni, sà," mo fi gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Ẹ má gbàgbé pé ipò lèmọ́mù ni mo ṣì ń dáàbò bò, tí ẹni tó ni ín sì nà gbalaja sórí bẹ́ǹṣì.

Ó tún bi mí: "Ṣé èèrà máa ń bo ibi tó bá tọ̀ sí?"

Kò sí ẹnikẹ́ni láti Kinkinau nínú yàrá náà. Mo bojú wẹ̀yìn, mo wo ẹnu ọ̀nà. "Ta ló sọ fún yín, sà?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ẹ rí i àbí ẹ ò rí i?"

"Mo rí i. Mo ń fi eérú bò ó."

"Eérú? Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ gẹ̀ẹ́sì bí omi yìí?"

Ó gba ìtọ̀ ọkọ mi díẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi kan tó dàbí aró wà nínú rẹ̀, ó sì gbé e sórí iná. Omi aró náà di àwọ̀ ewé, ó di òfééfèé, ó wá pọ́n, ó pọ́n bí amọ̀ ògiri ilé wa. Mo di ọmọ mi mú. "Ṣúgà nìyẹn," ó ní. "Àtọ̀gbẹ ni." Ó ṣàlàyé pé ara rẹ̀ kò rí ṣúgà lò, ìtọ̀ ló ń gbé e jáde, ṣúgà náà sì ń fa omi ara tẹ̀lé ara rẹ̀. Ó ní kì í ṣe gbogbo ọ̀dọ́ tó ń tọ̀ léraléra ló ní in, ti ẹlòmíràn oyún ni, ti ẹlòmíràn inú àpò ìtọ̀ ló ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ báyìí, tó sì ń rù, ẹ má ṣe gba omi lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó bá gbà á fẹ́ pa á ni. Mo wolẹ̀. Kò mọ ẹni tó gbà á.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ojú rẹ̀ sì mọ̀ mí padà. Láti ìgbà náà, igbá kékeré kan ni mo fi ń wọn oúnjẹ rẹ̀: acha, ọkà wẹ́wẹ́ àwọn Háúsá, pẹ̀lú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. A lé kúnú olóyin jáde nílé. Àmù omi ti padà sí àyè rẹ̀, kò sí kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀. Kì í gbààwẹ̀ mọ́, ó ń bọ́ aláìní dípò rẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún ará mọ́ṣáláṣí. Lèmọ́mù àgbà ní, "Èmi ò ní orúnkún, ìwọ ò ní àpò ìtọ̀. Kí Ọlọ́run fún àwọn èèyàn wọ̀nyí ní sùúrù." Ẹlòmíràn ló ṣíwájú àṣàmù lọ́dún náà, òun kírun lẹ́yìn, nítòsí ilẹ̀kùn, níbi tó ti lè tètè jáde. Ìrun àsùbáà ti padà sọ́wọ́ rẹ̀ báyìí.

Ogun òyìnbó ti parí. Ìyá onílé ti lọ sí ọ̀run, ihò náà ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ mi ti ń lọ sí ilé ìwé, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi bàbá rẹ̀, ó sì fẹ́ràn omi tútù. Apoògùn sọ fún mi pé àrùn náà lè máa tẹ̀lé ìdílé. Nítorí náà láràárọ̀, bó bá ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, èmi náà á jáde. N kò mú eérú dání. Màá bẹ̀rẹ̀ síbi tó tutù náà, màá dúró díẹ̀. Bí mo bá ń padà bọ̀, ọkọ mi á ti gbé búta rẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ń lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé wọ́n wá?" á bi mí.

"Wọn ò wá."

Nígbà náà ni màá tó lọ dáná.