Ẹ ba fídíò mi jẹ́

Màmi, ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀.

Lónìí ní gáréèjì Challenge, awakọ̀ kan gbé sípánà sókè, ó fẹ́ là á mọ́ awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí nítorí èrò ọkọ̀ kan ṣoṣo.

Àwọn àgbààyà yọ fóònù, wọ́n ń pariwo: "Là á mọ́ ọn! Ṣé ojo ni ẹ́ ni?" Irùngbọ̀n wọn kàn wà lásán ni.

Mo rọra bi awakọ̀ onísípánà náà, bí ẹ ti máa ń ṣe tí ẹ bá ń làjà: "Ọmọ mi, kí ni oríkì ẹ?"

Ó wò mí. "Àjàní, mà."

"Àjàní, jọ̀ọ́, gbé e fún mi."

Ó gbé e fún mi.

Àgbààyà kan pòṣé: "Màmá, ẹ ba fídíò mi jẹ́!"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tó ń ka èyí, kí lẹ̀ bá dá a lóhùn?

Màmi, màá máa làjà.