Omi Àdúrà Inú Yàrá Juliet

Aládùúgbò mi ní Ìjù-Odò ni Ìyá Juliet. Opó ni, ọmọ ìjọ Aládùúrà tọkàntọkàn sì ni, bíi tèmi náà. Ká sọ òótọ́, obìnrin yìí kì í da nǹkan nù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló sáré wọlé tọ̀ mí wá.

"Susan, òní ni wọ́n máa dá Juliet àti ọmọ sílẹ̀ l'ọ́sibítù! Dókítà ní àyà ọmọ kò tíì le, kò gbọdọ̀ fa eruku símú. Juliet ní tí yàrá kò bá mọ́, Akotogbo lòun ń gbé ọmọ lọ, sọ́dọ̀ ìyá ọkọ òun. Ṣé ẹlòmíràn ló máa wá wẹ ọmọ ọmọ mi ni?"

Mo tẹ̀lé e lọ sí yàrá Juliet. Háà! Kẹ́ẹ̀gì epo tó ti jò, àpò aṣọ àlòkù, àga tí kò lẹ́sẹ̀. Ìgò omi àdúrà ló wá pọ̀ jù, abẹ́ ibùsùn kún, ẹ̀gbẹ́ ògiri kún. Juliet pẹ́ kó tó bímọ, gbogbo ọdún yẹn ni ìyá rẹ̀ fi ń gba omi lọ́wọ́ wòlíì wálé.

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì síta, ó gbé e padà. Ó mú ìgò kan, ó jókòó tì í. "Èyí ni ti ìgbà tí oyún àkọ́kọ́ bàjẹ́." Ó mú òmíràn, ìtàn tún bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ń gòkè, inú ń bí mi.

"Ìyá Juliet, ìgò lẹ fẹ́ wẹ̀ ni àbí ọmọ?"

"Tí mo bá da omi yìí sí kòtò, tí nǹkan wá ṣe ọmọ ńkọ́?"

Ẹ̀rù ba èmi náà. Ibẹ̀ la wà tí fóònù fi dún: Juliet àti ọmọ ti kúrò l'ọ́sibítù l'Ókìtìpupa.

Ìyá Juliet sáré gbé báàkẹ́tì. "Kò ní lọ sí kòtò. Òun la máa fi fọ ilẹ̀ yàrá yìí."

Báyìí la bẹ̀rẹ̀ sí í da omi inú ìgò sí báàkẹ́tì, tí a ń nulẹ̀ kíkankíkan, tí mo sì ń ju ẹrù síta. Àfi bí òórùn kan ṣe gba inú yàrá. Ògógóró! Philemon, ọkọ Ìyá Juliet tó ti kú, tó búra níwájú ìjọ pé òun ti jáwọ́ nínú ọtí, àárín omi àdúrà ló ń kó o pamọ́ sí. Ó mọ̀ pé ìyàwó òun kò jẹ́ fọwọ́ kan ibẹ̀.

Èmi rẹ́rìn-ín. Ìyá Juliet kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí fèrésé, ó ń fi ìró fẹ́ afẹ́fẹ́, ó ń sunkún. "Wọ́n máa gbé e lọ, Susan. Wọ́n máa gbé e lọ!"

Ọkọ̀ fun fèrè níta. Juliet dé ẹnu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú ọmọ láyà, ó fa imú, ó dúró gbagidi.

Ìyá rẹ̀ ní, "Juliet, dákun, a óò tún un fọ̀..."

"Ìyé," ni Juliet wí, omijé ti gba ojú rẹ̀, "bí Bàbá mi ṣe máa ń rùn nìyí tí wọ́n bá gbé mi mọ́ra."

Ó bọ́ bàtà sílẹ̀ bí a ti ń ṣe tí a bá ń wọ ilé àdúrà, ó wọlé, ó gbé ọmọ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìyé, ẹ gbé omi kaná. Ọmọ yín kò tíì wẹ̀ lónìí."