Pátákó Tó Ń Ka Eré Mi

Mo fẹ́ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: èmi ni mo dá bọ́ọ̀sì ìjọ dúró láàárín títì ní Mitchellville nílẹ̀ Amẹ́ríkà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, pẹ̀lú ìyá àgbà márùn-ún nínú rẹ̀, nítorí mo rò pé pátákó kan ló ní kí n dúró.

Pátákó náà kì í ṣe irú èyí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gbé e lé, àwọn ọlọ́pàá ló sì wọ́ ọ wá síbẹ̀ lọ́jọ́ tí n kò mọ̀. Ìwé wà lókè rẹ̀, nọ́ńbà kékeré kan wà lábẹ́ ìwé yẹn, nísàlẹ̀ pátápátá wá ni nọ́ńbà ńlá kan tó ń fi iná ṣẹ́jú. Ta ló ń kàwé nígbà tí iná bá ń ṣẹ́jú sí i? Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì kà á tán, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá bà mí, n kì í rántí ju ìwé méjì lọ nínú rẹ̀.

Méjìdínlógójì ni iná náà ń kọ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Mo wo mítà iwájú mi, òun náà ń sọ méjìdínlógójì. Inú mi dùn, mo ní mo bá òfin mu. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró sí etí odò gan-an kò jìnnà sí àtirì, nítorí náà mo gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀ kí n lè fi àyè sílẹ̀. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ sókè, òfin yí padà. Ó di mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mo tún gbé e sókè, ó di ọgbọ̀n.

"Wọ́n tún ti dín in kù," ni Mama tó jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wí. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn márààrún, ojú rẹ̀ sì mú ju tèmi lọ. "Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló kù, ọmọ mi."

"Mo ti rí i, Mama."

"Ó ti di mọ́kànlélógún o."

"Kí ló dé tí wọ́n ń dín in kù báyìí?" ni ẹnì kan béèrè láti ẹ̀yìn.

"Bóyá àwọn ọmọdé ń sọdá lọ́hùn-ún."

"Ọmọdé wo? N ò rí ewúrẹ́ gan-an, ká má tíì sọ ọmọdé."

Mama iwájú ń kà á fún mi lọ bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ọmọ ní kíláàsì: mẹ́rìndínlógún, mọ́kànlá, méje. Nígbà tó di márùn-ún, mo ní kí ni mo tún ń dúró dè, mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Iná náà kú. Ojú pátákó ṣókùnkùn. Mo mí kanlẹ̀, mo ní a ti bọ́.

A jókòó síbẹ̀. Mo ń retí kí pátákó fún wa láṣẹ láti máa lọ, bí iná ìkóríta ṣe máa ń ṣe. Ọkọ̀ mẹ́ta ti tò sẹ́yìn wa, wọn kò sì fọn fèrè, ìyẹn ló dà mí láàmú jù. Nílé, ẹnì kan ìbá ti bá mi dárúkọ bàbá mi. Níkẹyìn, ọkùnrin Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú kan tó ń fa ajá rẹ̀ kọjá dúró létí fèrèsé mi, ó béèrè bóyá ọkọ̀ ló bàjẹ́. Mo nawọ́ sí pátákó, mo ní mo ń retí nọ́ńbà. Ó wo pátákó, ó wo àwọn ìyá pẹ̀lú gèlè wọn, ó wá fi sùúrù bá mi sọ̀rọ̀ bí dókítà.

"Sà," ó ní, "eré tí ẹ̀yin fúnra yín ń sá ló ń kà fún yín. Ẹ ti dúró. Kí ni kó wá kà?"

N kò lè sọ bí àwọn ìyá náà ṣe rẹ́rìn-ín tó. Gèlè èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá tú.

"A jẹ́ pé ara rẹ lo ti ń sá fún látàárọ̀," ni ìyá náà wí, ó sì ń nu ojú.

Kí ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó, ó yẹ kí n sọ bí kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì ṣe dé ọwọ́ mi. Iṣẹ́ rírán aṣọ àga mọ́tò ni mo ṣe n'Íbàdàn. Kò sí irú ọkọ̀ tí n kò jókòó sínú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló dúró gbagidi nígbà tí mo wà níbẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí kí n tó kọ́ ọkọ̀ wíwà, lẹ́yìn tí àbúrò mi mú mi wá sí Maryland, tí mo rí i pé ẹni tí kò bá wakọ̀ níhìn-ín dà bí ẹni tí wọ́n gbàgbé sílé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe ìdánwò. Lẹ́ẹ̀kẹrin, obìnrin tó dán mi wò ní òun kò rí àṣìṣe kankan, àfi pé kí n gbìyànjú kí n máa mí.

Àwọn ìyá márùn-ún yìí, àwọn ọmọ wọn ló ránṣẹ́ pè wọ́n láti wá wẹ ọmọ tuntun. Ọmọ tuntun ti di ọmọ iléèwé, ìyá ṣì wà níbẹ̀. Ilé tí wọ́n ń gbé tóbi débi pé ọ̀kan nínú wọn máa ń fi fóònù pe ọmọ rẹ̀ láti yàrá dé kíṣìnnì. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ló pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà, iṣẹ́ wọn a máa bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi. Ní àdúgbò wọn, ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn, ajá ló ní. Bí bọ́ọ̀sì ìjọ kò bá lọ gbé wọn, inú ilé ni wọn yóò wà, wọn ó máa wo ẹyẹ lójú fèrèsé títí di ọjọ́ Ìsinmi mìíràn. Awakọ̀ tó ń gbé wọn tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sí Texas, aya àbúrò mi sì fi orúkọ mi sílẹ̀ láìbi mí.

Oníwàásù ń sọ pé "ní ìparí" nígbà tí a wọlé lọ́jọ́ náà. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ajé, alàgbà tó ń bójú tó ọkọ̀ ìjọ pè mí lórí fóònù. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó jù mí lọ nípò, nítorí náà a jọ máa ń bọ̀wọ̀ fún ara wa títí ọ̀rọ̀ kì í fi tètè débi tó ń lọ.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú o, sà," ni ó wí. "Méjì nínú àwọn ọmọ àwọn ìyá ti pè mí. Wọ́n ní ṣé orí ìyá àwọn lẹ ti ń kọ́ mọ́tò ni."

"Wọn ò purọ́, Alàgbà."

"Ẹ fi ọ̀sẹ̀ yìí rò ó, sà. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ fún mi lọ́jọ́ Ìsinmi. N ò rí ẹlòmíràn o. A máa gbé bọ́ọ̀sì kalẹ̀ ni."

"Àwọn ìyá wá ńkọ́?"

"Wọ́n á máa gbọ́ ìwàásù lórí tẹlifíṣọ̀n, sà."

Ọjọ́rú ni mo máa ń sinmi lẹ́nu iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń to ẹrù ní Temple Hills. Ní Ọjọ́rú yẹn mo gbé ògbólógbòó ọkọ̀ mi, mo lọ kí àwọn pátákó nílé wọn, bí ẹni tó lọ bẹ àna wò. Mo ní bí mo bá mọ̀ wọ́n lójú, bóyá wọn ò ní lè dẹ́rù bà mí mọ́. Mo rí ti ẹ̀bá iléèwé, tó ní iná méjì lórí: bí àwọn ọmọ bá ń wọlé, iná á máa ṣẹ́jú, awakọ̀ á rọra, bí wọ́n bá ti wọ kíláàsì, pátákó náà á lọ sinmi. Mo rí kọ́nà kan tí wọ́n fún ní nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí ọmọ tí inú rẹ̀ kì í gba oúnjẹ gbogbo ilé. Níwájú ilé ìtajà kan, mo rí mẹ́jọ àti ààbọ̀. Mo ṣe é. Mítà ọkọ̀ mi kò ní ààbọ̀, mo fi ojú bù ú láàárín mẹ́jọ àti mẹ́sàn-án, obìnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọjà sì kọjá lára mi, ó kí mi.

Ṣùgbọ́n èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni ti ẹnu ọ̀nà ọgbà ilé kan ní Mitchellville. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bàbá arúgbó kan ń gé òdòdó nídìí rẹ̀, ó ní ẹgbẹ́ onílé àwọn ló rì í. Mo sọ̀kalẹ̀, mo bi í pé kí ló dé tó jẹ́ mẹ́tàdínlógún.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la kọ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún," ó ní. "Kò sẹ́ni tó sọ̀kalẹ̀ bi wá ní ìdí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rí."

Orí mi wú. Níbi tí mo ti wá, kòtò ló ń sọ eré tí a ó sá, ẹni tí kò bá sì gbọ́ràn sí kòtò lẹ́nu, mẹkáníìkì á ṣàlàyé fún un. Àwọn èèyàn yìí jókòó yí tábìlì ká, wọ́n ro bí orí awakọ̀ tó ń ro nǹkan mìíràn ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n wá fi méjì péré kún un kó lè jí. Wọn ò gbé igi dábùú ọ̀nà, wọn ò ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá. Ẹni tó bá ro irú èyí, ó fẹ́ràn ọmọ aládùúgbò rẹ̀. Mo ń rò ó títí mo fi délé, mo sì tún mọ̀ pé ẹni tó mọ orúkọ gbogbo ejò, ejò ṣì lè bù ú jẹ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Mama kan náà ló tún jókòó níwájú. Pátákó ọlọ́pàá ṣì wà níbi tó wà.

"Ọ̀rẹ́ rẹ nìyẹn," ni ó wí.

Ọgbọ̀n ni nọ́ńbà kékeré tó wà lókè ń sọ, mo ti mọ̀ báyìí pé òun ni òfin. Iná ìsàlẹ̀ ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. A kọjá. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn, mo ní kí wọ́n má pàtẹ́wọ́, mo ń wakọ̀.

"Ìwọ wá ń sá fún èyí tó ní nọ́ńbà," ni Mama wí. "Lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí a bá jáde nínú ìlú báyìí, pátákó róbótó kan wà níbẹ̀. Funfun ni. Wọ́n fa ìlà dúdú kan sí i láti èjìká dé ìdí. Kò sí nọ́ńbà kankan."

"Báwo lèèyàn ṣe máa mọ eré tó máa sá, Mama?"

"Ohun tí mo bi ọmọ mi nìyẹn. Ó ní ìjọba ti sọ ọ́ fún gbogbo wọn, kí kálukú rántí."

"Kí wọ́n kàn rántí."

"Kí wọ́n rántí. Ó tún ní kì í ṣe pé kéèyàn sá a tán o. Ọ̀nà ibẹ̀ tín-ín-rín, àgùntàn ń gbà á. Kálukú á fi ojú ara rẹ̀ wò ó."

Mo gbà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba tó fa ìlà kan ṣoṣo, tó sì fi ìyókù lé orí ọmọ ìlú lọ́wọ́, kò kéré. Ṣùgbọ́n mo sọ fún Mama pé bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ síwájú mi, ibẹ̀ ni n ó kọ́lé sí.

"Má kọ́lé," ni ó wí. "Wakọ̀."

Ibi tí a ti ń wọ ọ̀nà ńlá ló tún mú mi. Mo dúró níbẹ̀ títí n kò fi rí ọkọ̀ kankan mọ́ lápá òsì, ní àgbègbè tí ọkọ̀ kì í tán. Orin kejì ni a bá wọn. Ẹsẹ̀ mi ṣì ń wá bíréèkì lábẹ́ àga ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rò pé Ẹ̀mí ló bà lé mi.

Lẹ́yìn ìsìn, Alàgbà ti ń dúró dè mí lẹ́bàá bọ́ọ̀sì.

"Ṣé ẹ ti rò ó, sà?"

"Mo ti rò ó. Mo ti mọ gbogbo pátákó. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, Alàgbà. Bí mo bá ní kò bà mí, inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń purọ́ yẹn."

Mo na kọ́kọ́rọ́ sí i, ó gbà á. Ara mi fúyẹ́ lójú ẹsẹ̀, mi ò ní tan yín. Lẹ́yìn náà ni mo wá rí àwọn ìyá mẹ́rin tó dúró pẹ̀lú Bíbélì wọn lábẹ́ apá, tí kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Mama ti gun ìjókòó iwájú ní tirẹ̀, ó ń wá ojú ihò bẹ́líìtì.

"Mama, ẹ má bínú," ni Alàgbà wí. "Ẹ̀yin náà rí i pé ẹ̀rù ń ba awakọ̀ yín. A ó wá nǹkan ṣe sí i."

Mama kò wò ó. Ó ki bẹ́líìtì bọ ihò rẹ̀, ó gbọ́ bó ṣe dún, kó tó dáhùn.

"Awakọ̀ tí ẹ̀rù ò bà ló pa bàbá àwọn ọmọ mi lọ́nà Ifẹ̀," ó ní. "Dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un, kó gbé wa lọ sílé."