Ìbéèrè Nípa Òkè Kamẹrúùnù

Bàbá mi kọ́ni ní jọ́gíráfì títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo kéré, wọn a máa fi agolo èpà pamọ́ sínú àgbàlá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọn a sì bi mí ní ìbéèrè nípa Òkè Kamẹrúùnù, òkè oníná tó wà létí òkun. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ló ń júwe ọ̀nà ibi tí agolo náà wà. Bí mo bá ṣì í, àwọn ni wọ́n máa jẹ èpà náà lójú mi, wọn a sì máa rẹ́rìn-ín. Ní 1982 tí òkè náà tún bú, Bàbá fi etí mọ́ rédíò bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ará ilé.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, mo sì rí iṣẹ́ sí Kàdúná. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù wà lábẹ́ ìdùnnú náà. Èmi àti Bàbá nìkan ló kù nílé láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, awakọ̀ kan mú Bàbá padà wálé láti ìlú Ayépé. Wọ́n ní ilé-ìwé ni àwọn ń lọ, pé àwọn ọmọ ń dúró de àwọn.

Àǹtí mi, àbúrò Bàbá tó ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, kò gbà pé nǹkan kan ṣe wọ́n.

"Àgbà ló dé. Ìwọ náà kì í gbàgbé ibi tí o bọ́ bàtà sí? Máa lọ sí Kàdúná ẹ, jàre. Àbí o fẹ́ so mọ́ bàbá ẹ lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀ ni?"

Mo fẹ́ gba Àǹtí gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi rántí eré wa àtijọ́. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi Bàbá ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí mo ń wá ni bí mo ṣe máa lọ tí ọkàn mi kò ní dá mi lẹ́bi. Mo sọ fún ara mi, mo sì sọ fún Àǹtí, pé bí Bàbá bá yege, mo lè lọ.

Mo gbé agolo èpà sẹ́bàá ibojì ìyá mi ní igun àgbàlá. Bàbá fúnra wọn ló yan ibi tí a sin ín sí. Wọ́n dúró ti bíríkìlà títí ó fi parí rẹ̀.

"Bàbá, ìbéèrè dé o."

Ojú wọn tàn. "Ta ló fi ọ́ joyè olùkọ́? Ó yá, bi mí."

"Bí Òkè Kamẹrúùnù bá fẹ́ yọ iná, ṣé orí rẹ̀ ni iná ti máa ń jáde?"

"Ẹ̀gbẹ́! Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ń là. Yunifásítì tí o lọ, ṣé ijó ni wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀ ni?"

Wọ́n fi iwájú ilé sílẹ̀, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́. Ọkàn mi fúyẹ́.

"Ìhà wo ni òjò ti ń pa á jù?"

"Ìhà tó kọjú sí òkun, gúúsù ìwọ̀-oòrùn."

Wọ́n wo oòrùn, wọ́n sì kọrí sí igun náà tààrà. Mo ti ń ro àpótí tí mo máa dì. Bàbá gbé agolo náà sókè bí ọmọdé tó gba ẹ̀bùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ibojì, wọ́n wò ó pẹ́.

"Ibojì ta nìyí?"

Mo dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Ti Màmá ni, sà. Ìyàwó yín."

Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ìgbà wo ló kú? Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?"

Wọ́n sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Mo dì wọ́n mú. Ìbànújẹ́ bá mi, ìbínú sì wà nínú rẹ̀, ìbínú sí òkè kan tí n kò rí rí, tó jókòó digbí sínú iyè Bàbá nígbà tí ìyá mi ti jáde níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì Àǹtí dé. "Ṣé bàbá ẹ dáhùn?"

"Wọ́n dáhùn gbogbo rẹ̀, mà."

"Mo sọ fún ẹ! Ìgbà wo lò ń lọ?"

Kí n tó fèsì, Bàbá jáde láti pálọ̀. Wọ́n kí Àǹtí bí ẹni ń kí àlejò, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ìyàwó mi kó tètè máa bọ̀."

Àǹtí wò mí. Wọ́n rọra gbé báàgì wọn sílẹ̀.

"Ó ń bọ̀, Bọ̀ọ̀dá mi. Ọjà ló lọ."

Bàbá dúpẹ́, wọ́n fa àga kan, wọ́n jókòó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Mo mọ̀ nígbà náà pé n kò ní lọ sí Kàdúná mọ́. Mo fa àga tèmi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.