Ìlú Tí A Kò Ti Mọ Ẹnikẹ́ni

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo kọ yunifásítì márùn-ún sí, pẹ̀lú ibi tí a ó ti ra epo àti ilé tí a ó sùn sí. Mo ti gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní òpópónà Nathan Way, ládùúgbò wa nílùú òyìnbó níbí, kí wọ́n bá mi wo táyà. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ń wá ibi tí yóò ti kàwé, èmi bàbá rẹ̀ ni n óò sì fi mọ́tò gbé e káàkiri láti lọ wò wọ́n.

Ó gba kàlẹ́ńdà náà, ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Daddy, yunifásítì kọ́ lẹ kọ síbí. Àwọn èèyàn yín ni. Auntie tó ń ṣe nọ́ọ̀sì rèé. Wòlíì yín àtijọ́ rèé. Èyí, Uncle tó máa ń sùn lórí àdúrà! Wọn ò tiẹ̀ ní kọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ ṣe."

Òótọ́ ni. Ìlú tí a bá ti ní ẹni tí yóò máa yọjú wo ọmọ la máa ń rán an lọ. Ibi tí òun fẹ́ wà létí òkun, ìrìn wákàtí márùn-ún, níbi tí yóò ti kọ́ nípa ẹja àti ìgbì omi. A ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ò sì ní ẹ̀ka níbẹ̀.

Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó bọ̀, kò tíì bọ́ bàtà.

"Òkun kẹ̀? Ṣé adágún omi Birchmere tó wà níwájú ilé ò tó ẹ wò ni? Tára rẹ ò bá yá, ta ló máa gbọ́bẹ̀ wá fún ẹ?"

Ìyàwó mi pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí.

"Ṣé o ti ń ṣarán ni? Ọjọ́ orí ẹ yìí, wákàtí márùn-ún?"

Mo jáde, mo ń rìn yí omi Birchmere ká. Nígbà tí èmi náà ń lọ sí yunifásítì, bàbá mi ti kọ lẹ́tà sí àbúrò rẹ̀ kan ní ìlú tó wù ú. Mo ní n ò lọ síbẹ̀. Mo gba ìlú mìíràn lọ, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú àpótí irin lórí, kò sẹ́ni tó mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn. Irú inú dídùn yẹn ò tíì padà wá bá mi láti ọjọ́ náà.

Mo wọlé, mo fagi lé orúkọ márààrún yẹn, mo kọ ìlú etí òkun.

"Sátidé la ń lọ."

"Ẹ ò lọ ibì kankan," ìyàwó mi ní.

"A ń lọ."

Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di Sátidé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí búùtù, mo bá kúlà mọ́ínmọ́ín níbẹ̀.

A dé lọ́sàn-án. Lẹ́nu géètì yunifásítì náà, ọmọ mi ní, "Daddy, ẹ dúró síbí, jọ̀ọ́." Mo jókòó sórí òkúta, mò ń na orúnkún mi. Nígbà tó pẹ́, fóònù mi dún, ìyàwó mi ni.

"Ẹ ti débẹ̀? Ta wá lẹ mọ̀ níbẹ̀?"

Mo rí ọmọ wa tó ń jáde bọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe nǹkan fún ọmọbìnrin kan tí n ò mọ̀ rí. Kò tiẹ̀ fojú wá mi.

"Fọkàn balẹ̀," mo ní. "Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, a ó ti ní èèyàn níbí."