Àwọn Ilé Tí Ìyàwó Mi Rán Mi Lọ

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Pobè, tí màá máa wo eruku pupa tó ń tẹ̀ lé àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Sakété, tí màá sì máa rò ó pé nínú gbogbo ilé tí àwọn èrò inú ọkọ̀ wọ̀nyẹn ń padà sí, kò lè ṣàìsí ibì kan tí omi ti ń jò. Plọ́mbíè ni mí. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ní Sakété ni mo ti kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ omi. Nígbà tí mo gba òmìnira, n kò fẹ́ máa bá ọ̀gá mi du oníbàárà nínú ìlú kan náà, ni mo bá kó irinṣẹ́ mi lọ sí Pobè, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra ni, èmi àti ìyàwó mi. Iṣẹ́ irun dídì ni tirẹ̀, ó sì rí àyè kékeré kan gbà lábẹ́ àtíbàbà lẹ́bàá ọjà.

Mo gbọ́n lójú ara mi nígbà náà. Mo gbà pé bí èèyàn bá ti lè rí orúkọ mi, iṣẹ́ á dé. Mo ní kí wọ́n kọ pátákó ńlá kan fún mi. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n sì ya ẹnu ẹ̀rọ kan sí i tí omi ń dà láti inú rẹ̀ bí òjò. Mo tẹ ìwé pélébé tí nọ́ńbà pọ́tábù mi, ìyẹn fóònù alágbèéká mi, wà lára rẹ̀, mo ń pín in fún gbogbo ẹni tó bá kọjá ní ibùdókọ̀, títí kan àwọn arìnrìn-àjò tó kàn sọ̀ kalẹ̀ láti jẹun. Kò pẹ́ tí àwọn alákàrà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé mi wé àkàrà. Mo ra díẹ̀ jẹ lọ́jọ́ kan, mo sì ka nọ́ńbà ara mi láàárín òróró.

Àwọn tó ń pè mí náà, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Àwọn kan kàn fẹ́ mọ iye tí mo máa gbà, kí wọ́n lè fi bá plọ́mbíè mìíràn dúnàádúrà. Àwọn mìíràn á ní kí n wá wo ilé, ilé ọ̀hún kò tíì ní òrùlé. Bàbá kan ní kí n wá kíákíá sí Aguidi. Nígbà tí mo débẹ̀, kànga ni bàbá náà ní, okùn rẹ̀ ló já.

Bí oṣù ti ń gorí oṣù, irun tí ìyàwó mi ń dì la fi ń jẹun. Kò fi ọ̀rọ̀ gún mi lára rí, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Kùtọnú ránṣẹ́ pé kí n wá máa bá òun ru ẹrù. Mo ti ń wá ẹni tí yóò ra irinṣẹ́ mi kí n tó sọ ọ́ fún ìyàwó mi.

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ní, "Ẹ dákun, ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i. Àwọn obìnrin tó ń jókòó síwájú mi látàárọ̀ dalẹ́, kí lẹ rò pé wọ́n ń sọ?"

"Ọ̀rọ̀ ọkọ ni," mo fèsì.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ ilé ni. Ẹ jẹ́ kí n máa gbọ́ ọ fún yín."

Obìnrin olùkọ́ kan láti Sakété ni oníbàárà àkọ́kọ́ tí ìyàwó mi wá fún mi. Mètírẹ́ẹ̀sì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó máa ń wọkọ̀ wá di irun ní Pobè nítorí pé ọwọ́ ìyàwó mi kì í dun orí. Plọ́mbíè kan ti ba ilé ìdáná rẹ̀ jẹ́, ó sì ti sá lọ. Ọjọ́ kan tí mo gbé oúnjẹ ọ̀sán dé abẹ́ àtíbàbà ni mo bá wọn lẹ́nu ọ̀rọ̀.

"N ò fẹ́ rí plọ́mbíè kankan nínú ilé mi mọ́ láyé," Mètírẹ́ẹ̀sì ń wí.

"Ẹ jẹ́ kí ọkọ mi wá wò ó, Màmá," ìyàwó mi ní. "Bó bá bà á jẹ́, èmi ni kẹ́ ẹ wá bá. Màá máa di irun yín lọ́fẹ̀ẹ́ títí ẹ ó fi sọ pé ó tó."

"Irun mi máa ń tètè hù o."

"Ẹ jẹ́ kó máa hù."

Kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró lórí irun tó ń dì. N kò fi ìbẹ̀rù ṣiṣẹ́ rí bíi ti ọjọ́ tí mo wọ ilé ìdáná Mètírẹ́ẹ̀sì. Gbogbo ibi tí mo bá dè, màá tún un dè. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi kò béèrè bóyá omi dúró. Ohun tó béèrè ni pé, "Ṣé ẹ nu ilẹ̀ wọn kẹ́ ẹ tó jáde?"

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Lójoojúmọ́ ni ìyàwó mi ń gbọ́ ilé tí omi ti ń jò, ṣùgbọ́n kì í rán mi sí gbogbo wọn. Ó mọ ẹni tó ń gbé inú ilé ara rẹ̀ tó sì fẹ́ kó dára, ó mọ ẹni tó kàn ń fi ẹnu kọ́lé. Ó mọ ẹni tó máa ń ṣépè fún òṣìṣẹ́. "Ẹ má lọ síbẹ̀ yẹn," ni yóò wí, kò sì ní ṣàlàyé. Inú mi máa ń bàjẹ́ nígbà míì, torí pé mo rò pé ó ń lé iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ mi.

Bí mo bá sì ti parí iṣẹ́ ní ilé kan, nígbà míì, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, yóò ní kí n bá òun kí ìyá ilé náà. Màá lọ. Níbi tí a bá ti ń kíra, màá rí i pé ẹnu ẹ̀rọ tí mo ṣe ń kán tó, tó, màá sì yára dè é kí wọ́n tó ráyè ṣàròyé. Mo máa ń yọ̀ lójú ọ̀nà pé orí mi bá mi ṣe é. Mètírẹ́ẹ̀sì ló là mí lójú lọ́jọ́ kan. Ó fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo ilé tí mo bá ti ṣiṣẹ́ ni ìyàwó mi máa ń béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá iṣẹ́ náà dúró. Bí wọ́n bá ní ó ń jò, ìgbà náà ló máa ń rán mi lọ kí wọn. Mo bi ìyàwó mi léèrè nílé.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa wí fún yín pé iṣẹ́ yín ń jò ni?" ó dáhùn. Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, a sì ti bí ọmọbìnrin kan kí àìsàn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀; ẹ̀fọ́rí lásán la rò pé ó jẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn kò parí tí a fi sin ín. Àwọn obìnrin Pobè àti ti Sakété kún àgbàlá wa, Mètírẹ́ẹ̀sì sì wá pẹ̀lú irun tí ó tú dà sílẹ̀ sábẹ́ gèlè. Ó ní òun kò tíì mọ ẹni tí òun lè gbé orí òun fún.

Ọmọ wa obìnrin ló ń fi àwòrán iṣẹ́ mi sórí pọ́tábù báyìí. Wọ́n ń pè mí láti Pọ́tónóvò pàápàá, iṣẹ́ kò wọ́n mi mọ́. Síbẹ̀, bí mo bá parí iṣẹ́ ní ilé kan, mo ṣì máa ń padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kí n bi wọ́n bóyá ó dúró. Ẹnu máa ń yà wọ́n. Wọ́n á gbé àga fún mi, wọ́n á fún mi lómi mu, wọ́n á ní kò jò rárá. Inú mi á dùn títí màá fi dé ẹnu ọ̀nà ilé mi. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń rántí pé kò sí ẹni tí màá ròyìn rẹ̀ fún. Mo sì ń ròyìn rẹ̀ náà, bí mo ti ń bọ́ bàtà mi, ní ohùn jẹ́jẹ́.